Ohun Tó Rì Kò Tíì Parẹ́

Láti ayébáyé ni ọmọ ènìyàn ti gbà pé ohun tí omi bá gbé mì, ó tán nìyẹn. Wòlíì Míkà sọ nínú orí keje ìwé rẹ̀ pé Ọlọ́run yóò ju ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ìjọ wa ti mú òkun ìgbàgbé tí à ń bẹ Olúwa pé kó da àìṣedéédéé wa sí. Àwọn tó ń gbé ẹbọ lọ sódò náà ní ìrètí tó jọ ọ́: kí omi gbé ibi lọ, kí ó má padà wá mọ́. N kò rí ohun tó burú nínú ìrètí yìí nígbà tó bá jẹ́ Ọlọ́run ni a ń bá sọ̀rọ̀, nítorí Ọlọ́run lè dárí jì. Omi fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ bi léèrè. Ṣé ohun tó rì ti parẹ́? Bí nǹkan bá kúrò lójú wa, tó lọ wà níbi tí ọwọ́ kò tó, ṣé ọ̀ràn rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn wa? Ìdáhùn tèmi ni pé rárá, ibi tí mo sì ti rí ẹ̀rí rẹ̀ jù lọ ni ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ àwọn adágún inú igbó ìhà àríwá ayé, ní Fínláǹdì, Swídìn, Rọ́ṣíà àti Kánádà.

Yìnyín ló gbẹ́ ihò púpọ̀ nínú àwọn adágún wọ̀nyí. Nígbà tí yìnyín ńlá tó bo àríwá Yúróòpù àti Kánádà mọ́lẹ̀ yọ́ ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, ó fi kòtò sílẹ̀ káàkiri, omi sì kún inú wọn. Adágún tó wà ní Fínláǹdì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 188,000. Igbó hù yí wọn ká, ilẹ̀ àbàtà sì tẹ́ lọ rẹrẹ láàárín igbó náà, débi pé omi ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ́n bí omi àgbo nítorí ohun tó ń ṣàn wọlé láti inú àbàtà àti ilẹ̀ igbó. Láti ìgbà náà ni ewé, èèpo igi, èérún àbàtà àti òkú àwọn ewéko kéékèèké inú omi ti ń rọra rọ̀ sísàlẹ̀. Gbogbo ewéko ló ń fi kábọ̀n tó fà láti inú afẹ́fẹ́ kọ́ ara rẹ̀. Bí igi bá wó tó jẹrà lórí ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó jẹ ẹ́ á mí kábọ̀n náà padà sáfẹ́fẹ́, àyípo náà á sì parí. Nísàlẹ̀ adágún, àyípo yìí máa ń dúró lójú ọ̀nà. Òtútù ń fa ọwọ́ àwọn kòkòrò náà sẹ́yìn. Ọ́síjìn kì í sábà wọ inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ju mìlímítà mélòó kan lọ, nítorí náà ohun tí ẹrẹ̀ tuntun bá ti bò kọjá ibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú àwọn tí ì bá jẹ ẹ́. Èyí tó sì ti inú igbó wá ṣòro láti tú palẹ̀ ju òkú ewéko inú omi lọ. Sebastian Sobek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2009 pé adágún tí ẹrù igbó bá pọ̀ nínú ẹrẹ̀ rẹ̀, tí ọ́síjìn kì í sì í pẹ́ lára ẹrẹ̀ náà, ló máa ń pa ìpín tó pọ̀ jù mọ́ nínú kábọ̀n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní àwọn adágún kan, ìpamọ́ yìí wà létòlétò débi pé a lè ka ọdún lára rẹ̀. Ní Nautajärvi ní Fínláǹdì, omi òjò dídì tó ń yọ́ ní ìgbà ìrúwé máa ń gbé iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná wọlé, ìgbà ooru àti ìgbà òtútù á sì fi ohun dúdú tó jẹ́ òkú ewéko lé e lórí. Ìpele méjì, ọdún kan. Iye ọdún tó tò lé ara wọn bẹ́ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀ sún mọ́ 10,000. Nínú ẹrẹ̀ ọ̀pọ̀ adágún Fínláǹdì àti Swídìn, ipa sísíọ̀mù tí ìjàǹbá ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì Chernobyl tú sáfẹ́fẹ́ ní ọdún 1986 ṣì wà níbi tó rì sí, àwọn onímọ̀ sì ń fi í mọ ọjọ́ orí ìpele tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní omi a máa gbàgbé, kó wá wo ibẹ̀. Kò sí ìwé ìrántí kankan lọ́wọ́ àwọn ọba Yúróòpù tó pẹ́ tó ẹrẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó gbé kálàmù láti kọ ọ́.

Mélòó wá ni ohun tó wà níbẹ̀? Ní ọdún 2004, Pirkko Kortelainen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àwọn adágún Fínláǹdì. Wọ́n rí i pé àpapọ̀ kábọ̀n tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n pé èyí tó ń wọlé lọ́dọọdún kéré. Mo rò pé ibí yìí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ọjọ́ pípẹ́ ló mú kí ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ìyára. Bí a bá kó o jáde lónìí, kò sí bí a ṣe lè dá a padà láàárín ìran kan, tàbí ogún ìran. Ìṣirò ti gbogbo ayé náà sọ ohun kan náà. Jonathan Cole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fojú díwọ̀n rẹ̀ ní 2007 pé bílíọ̀nù 1.9 tọ́ọ̀nù kábọ̀n ló ń ti orí ilẹ̀ wọ inú odò àti adágún lọ́dún kan. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 0.9 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ ló ń dé òkun, ó kéré tán bílíọ̀nù 0.8 ń padà sáfẹ́fẹ́, bílíọ̀nù 0.2 péré ló ń rì sínú ẹrẹ̀. Síbẹ̀, bí díẹ̀ yìí ti kéré tó, Lars Tranvik àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sọ ní 2009 pé kábọ̀n tí ẹrẹ̀ àwọn omi inú ilẹ̀ ń gbà mọ́ra lọ́dún ju èyí tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ń gbà lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá wo àwòrán ayé mọ bí òkun ti fẹ̀ tó.

Ibi tí ìdánwò ti wọlé nìyí. Èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí ọmọ ènìyàn ń sun ń tú nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 tọ́ọ̀nù kábọ̀n sáfẹ́fẹ́ lọ́dún. Òkun, igbó àti ilẹ̀ ń fa bí ìdajì rẹ̀ mọ́ra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Òtítọ́ ni èyí, ohun ọpẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ òtítọ́ náà di ìtùnú tí kò yẹ kó jẹ́. Wọ́n ní ìṣẹ̀dá yóò gbé e mì. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè wa ní igbó, ó ní adágún, nítorí náà ohun tí à ń sun kò tó ohun tí ilẹ̀ wa ń pa mọ́. Òfin ìṣirò tí IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú-ọjọ́, fi lélẹ̀ ka adágún àdáyébá sí ohun tí kì í ṣe ènìyàn ló ń ṣàkóso rẹ̀, nítorí náà ìpamọ́ rẹ̀ kì í wọ inú ìwé ìṣirò ìjọba. Mo fara mọ́ òfin náà gidigidi. Ti igbó yàtọ̀: igbó tí wọ́n bá kà sí èyí tí ènìyàn ń ṣàkóso, gbogbo ohun tó bá fà mọ́ra ni wọ́n ń kà fún ìjọba, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ìbáà jẹ́ pé igi náà kàn ń dàgbà. Fínláǹdì fi sí inú òfin rẹ̀ ní 2022 pé ohun tí òun ń tú jáde kò gbọdọ̀ ju ohun tí òun ń fà mọ́ra lọ tó bá di 2035, igbó sì ni wọ́n gbára lé jù fún apá kejì ìṣirò yẹn. Lọ́dún 2022 kan náà ni àjọ oníṣirò ìjọba ibẹ̀ kéde pé ní 2021, ilẹ̀ àti igbó orílẹ̀-èdè náà lápapọ̀ tú kábọ̀n jáde ju èyí tí wọ́n fà mọ́ra lọ. Wọ́n ti gé igi jù, igi náà kò sì dàgbà tó bí wọ́n ti rò. Ẹni tí wọ́n ń retí pé kó bá wọn san gbèsè ti di ajigbèsè.

Kí ló dé tí mo fi ní ìtùnú náà kò yẹ, ká tiẹ̀ ní igbó kò já wọn kulẹ̀? Nítorí pé ìpamọ́ àti ìdáríjì kì í ṣe ohun kan náà. Bí olówó bá dárí gbèsè jì mí, ó ti fa ìwé rẹ̀ ya. Gbèsè náà kò sí níbikíbi mọ́. Bí ẹnìkan bá kàn bá mi tọ́jú nǹkan, nǹkan náà ṣì wà, ó ń dúró de ọjọ́ kan. Adágún kò fa ìwé kankan ya. Ó kàn fi ẹrẹ̀ bo ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tó tọ́jú kì í ṣe ẹrù tiwa. Ewé tó rì ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún sẹ́yìn rì kí iṣẹ́ wíwa èédú tó gbilẹ̀. Bí mo bá fi í dí èéfín tí mo ń tú lónìí, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe parí kí wọ́n tó bí baba ńlá mi ni mo fi ń san gbèsè tí mo jẹ láàárọ̀ yìí.

Ó yẹ kí àwọn ará àríwá Yúróòpù mọ irú àríyànjiyàn yìí dáadáa, nítorí òun ló yí ẹ̀sìn wọn padà. Ní 1343, Póòpù Clement Kẹfà fi ìwé àṣẹ gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ pé ìṣúra kan wà lọ́wọ́ Ìjọ, tó jẹ́ ẹ̀kún iṣẹ́ rere Kristi àti ti àwọn ẹni mímọ́, àti pé Ìjọ lè bù nínú rẹ̀ fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní 1517, Martin Luther béèrè irú ìṣúra wo nìyẹn àti ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nítorí àwọn kan ti ń gba owó lórí rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìjọba Swídìn, tí Fínláǹdì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ti yà kúrò lábẹ́ Róòmù. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ àwọn Kátólíìkì àti Luther níhìn-ín. Ẹ̀kọ́ Kátólíìkì jinlẹ̀ ju bí àwọn tó tà á lọ́jà ti fi hàn lọ. Ohun tí mo rí ni pé ìṣúra adágún tilẹ̀ rẹ̀yìn sí ti wọn. Ẹni mímọ́ mọ ohun tó ń ṣe, ó sì yàn án. A lè sọ pé ó fẹ́ràn ẹlẹ́ṣẹ̀, ó sì fẹ́ fún un. Adágún kò yàn, kò fẹ́, kò fún. Ohun tí kò sẹ́ni tó fi tọrẹ, ta ni yóò dìde láti sọ pé òun ti gbà á?

Wàyí o, ẹni tó mọ sáyẹ́ǹsì adágún yóò ní mo ti ń yin omi náà jù. Òótọ́ ni. Láti 1994 ni Cole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé omi ọ̀pọ̀ adágún ayé ní kábọ̀n dáyọ́ksáìdì ju bó ti yẹ lọ, tó fi ń tú u sáfẹ́fẹ́ dípò kó máa fà á mọ́ra. Ẹrẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn sì tún ń ṣe gáàsì mẹ́téènì, tó ń hó jáde sójú omi, tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná pọ̀ ju ti kábọ̀n dáyọ́ksáìdì lọ. Ṣé irú adágún bẹ́ẹ̀ tó pè ní olùtọ́jú? Ìdáhùn mi ni pé púpọ̀ nínú ohun tó ń tú jáde jẹ́ ohun tí igbó ti fà láti inú afẹ́fẹ́ tí ì bá sì padà sí i bópẹ́ bóyá, yálà adágún wà tàbí kò sí. Èyí tó rì nìkan ló yà kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ìyẹn pa àtakò náà mọ́lẹ̀, nítorí ó ń gbè mí lẹ́yìn. Bí adágún bá ń tú jáde ju èyí tó ń pa mọ́ lọ, ẹni tó bá fẹ́ fi rere rẹ̀ ṣe ìwọ̀n gbọ́dọ̀ fi èéfín rẹ̀ náà sí orí ìwọ̀n. Adágún kì í ṣe àlùfáà tó ń ṣètùtù fún wa. Ó ń ṣe bí ìṣẹ̀dá rẹ̀ ti rí, díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣe sì ṣẹlẹ̀ pé ó ń ṣe wá láǹfààní.

Àǹfààní náà tún wà lábẹ́ àdéhùn tí a lè bà jẹ́: òtútù, àìsí ọ́síjìn, àti kí omi wà níbi tó wà. Ní 2010, Cristian Gudasz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹrẹ̀ adágún sí inú oríṣiríṣi ìwọ̀n ooru, wọ́n rí i pé bí ooru ti ń gòkè ni àwọn kòkòrò inú rẹ̀ túbọ̀ ń tú kábọ̀n sílẹ̀. Wọ́n ṣírò pé bí ayé bá ń gbóná bó ti ń gbóná yìí, ìpamọ́ ọdọọdún àwọn adágún igbó àríwá lè fi ìpín 4 sí 27 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: èéfín tí à ń sọ pé adágún yóò bá wa gbé mì ni yóò mú un dẹ́kun gbígbé mì. Nípa omi, ìtàn adágún Höytiäinen ní ìlà-oòrùn Fínláǹdì wà fún ẹ̀rí. Wọ́n gbẹ́ ipadò láti fa omi adágún náà sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ilẹ̀ oko. Ní 1859 omi já ohun tí wọ́n fi sé e, ó ya lọ, ojú adágún náà sì wálẹ̀ ní mítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́wàá. Ẹrẹ̀ tó ti wà lábẹ́ omi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún bọ́ sí gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè fẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó ronú kan kábọ̀n nígbà náà, n kò sì dá àwọn àgbẹ̀ tí ebi ń pa lẹ́bi. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé 10,000 ọdún kò tó láti sọ ohun tó rì di ohun tó parẹ́.

Àtakò tó le jù lójú mi ni ti àwọn onímọ̀ èrò-ìjìnlẹ̀. Wọ́n á ní o ń sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ bí ohun àfisọ́, tí ẹnìkan gbé lé wa lọ́wọ́; ta ló fi í sọ́? Ibi tí kò ti sí ẹni tó gbé nǹkan lé ènìyàn lọ́wọ́, kò lè sí ẹ̀bi ẹni tó da ìgbẹ́kẹ̀lé. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ní ìdáhùn lẹ́nu: Ẹlẹ́dàá ló ni ilẹ̀ àti omi, alábòójútó lásán ni ènìyàn. Mo gba ìdáhùn yẹn gbọ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó bá gbà á nìkan ni yóò gba ọ̀rọ̀ mi. Ní 1979, Hans Jonas, onímọ̀ èrò-ìjìnlẹ̀ ará Jámánì tó jẹ́ Júù, kọ ìwé kan lórí ojúṣe, nínú èyí tó ti jiyàn pé agbára fúnra rẹ̀ ló ń bí ojúṣe. Òbí kò bá ọmọ ọwọ́ ṣe àdéhùn kankan. Nítorí pé ẹ̀mí ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ṣe jẹ ẹ́ ní ìtọ́jú. Kí èéfín ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ayé gbóná, kò sí ènìyàn tó lè ṣe ẹrẹ̀ gbogbo adágún àríwá ní nǹkan kan. Nísinsìnyí a lè ṣe é, láìtilẹ̀ dé ibẹ̀, àwọn tí yóò mí afẹ́fẹ́ tó bá ti ibẹ̀ jáde kò sì tíì dáyé. Kò di dandan kí ẹnìkan fi nǹkan sọ́ wa lọ́wọ́. Ó tó pé ó ti wà lọ́wọ́ wa.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń fi adágún tu ara wọn nínú kì í sábà rò. Bí ìpamọ́ ìṣẹ̀dá bá lè di ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, a jẹ́ pé yìnyín ayé àtijọ́ ló pín àṣẹ láti sun epo fún àwọn orílẹ̀-èdè. Yìnyín gba Fínláǹdì àti Kánádà kọjá, ó fi adágún sílẹ̀ fún wọn. Yìnyín yẹn kò dé Ìbàdàn, kò dé Pọ́tónóófò. Ṣé ìyẹn ló wá sọ pé ará Kánádà lè tú èéfín ju ará Benin lọ? Kò sí ìlànà òdodo tí mo mọ̀, yálà ti Bíbélì, ti Kùránì tàbí ti ọgbọ́n orí lásán, tó lè fara mọ́ irú ìpín bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní ohun gbogbo lórí ilẹ̀ ni orílẹ̀-èdè ń jogún, títí kan wúrà àti epo, kí ló dé tí ti kábọ̀n fi yàtọ̀? Ó yàtọ̀ nítorí pé wúrà kò sí nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa jọ ń mí. Ohun tí adágún Kánádà gbà kúrò nínú afẹ́fẹ́, inú afẹ́fẹ́ gbogbo ayé ló ti gbà á.

Ẹnìkan lè wá ní: bí ohun tí adágún ń gbà bá kéré tó yìí, bílíọ̀nù 0.2 tọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bílíọ̀nù 10 tí à ń sun, kí ló wá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń da ara wa láàmú? Kíkéré rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kó lè gbà wá, pípọ̀ ohun tó ti kó jọ sì ni kò jẹ́ ká lè pa á tì. Ìwé méjì ló yẹ kí ìjọba máa kọ, kí wọ́n má sì yọ ọ̀kan nínú èkejì. Nínú ọ̀kan ni iye tí wọ́n ń sun yóò wà, kí ó máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ òfo láìsí ìrànlọ́wọ́ ewé kan. Nínú èkejì ni ipò ohun tí ilẹ̀ àti omi ń tọ́jú yóò wà, bóyá ó wà láìléwu tàbí wọ́n ń dà á láàmú, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti ń kọ ìròyìn lórí omi mímu.

Ìwé kejì yìí ní iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Fínláǹdì ti gbẹ́ ojú àgbàrá sí inú ohun tó ju ìdajì ilẹ̀ àbàtà rẹ̀ lọ, pàápàá ní àárín ọ̀rúndún ogún, kí igi lè dàgbà níbẹ̀, omi dúdú tó ń ti ibẹ̀ wá sì ń ya wọ inú àwọn odò àti adágún. Ní Linnunsuo, ní agbègbè ìlà-oòrùn kan náà tí Höytiäinen wà, ilé-iṣẹ́ kan wa ilẹ̀ àbàtà fún ìdáná, títí omi kíkan tó ń jáde níbẹ̀ fi pa ẹja inú odò Jukajoki. Àwọn apẹja abúlé Selkie ló kọ́kọ́ rí i, àwọn náà ló pariwo. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ Snowchange tí Tero Mustonen ń darí gba ilẹ̀ náà, wọ́n dá omi padà sí i, ó di àbàtà ẹyẹ lónìí. Ní 2023 wọ́n fún Mustonen ní ẹ̀bùn Goldman ti àwọn olùdáàbòbò àyíká fún irú iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n ti dá omi padà sí Linnunsuo, wọ́n dá ìpalára kan dúró, wọ́n sì dáàbò bo ohun tó wà nísàlẹ̀ àwọn omi tó ń gbà láti ibẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá láti ra orúkọ iṣẹ́ náà kó lè máa sun epo lọ ní ibòmíràn, kò ní sí ìdí kankan láti tà á fún un, nítorí gbèsè Linnunsuo nìkan ni iṣẹ́ Linnunsuo san, kò sì tíì san án tán.